Wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi, iná ọkọ̀ wá dàrú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Tíṣà ni mí ní Kàbà, Corolla ọdún 2005 ni mò ń gùn. Lóṣù tó kọjá ni AC mi kò tutù mọ́. Wọ́n ní evaporator, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ AC ti ń tutù, ló ń jò, àfi kí àwọn tú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ọwọ́ tó tó o. Wọ́n tú u, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, AC sì ń tutù nini báyìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá tan iná iwájú lálẹ́, ọwọ́ aago epo á kúrò níbi tó wà, iná tirafikétọ̀ inú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa tàn bàìbàì, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án. Họ́ọ̀nù kò dún mọ́. Iná airbag kò kú. Fíúùsì ibi tí mo ti ń ṣáàjì fóònù ń jó lójoojúmọ́; ẹni tó ń bá mi pààrọ̀ rẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Ẹlòmíràn ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ti lọ, kí n wá owó sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òkun o, kú ìrọ́jú. Dá owó brain box yẹn padà sápò ná. Ẹ́ńjìnnì ni brain box ń darí. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ pariwo: kò ní tètè ta, á máa gbọ̀n, iná check engine á tàn. O kò sọ èyíkéyìí nínú wọn. Họ́ọ̀nù àti ibi tí o ti ń ṣáàjì fóònù kò sì sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa wò lára rẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, torí ẹ̀yìn píjìn-hóòlù ló wà nínú Corolla tìrẹ, ọwọ́ wọn á ti kan ibẹ̀ dájú. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti wọlé, kí ó dún "kẹ́", ó tán.

Ọkọ̀ tó dá ṣáṣá láàárọ̀, tí wọ́n tú lọ́sàn-án, tó wá ń ṣàárẹ̀ nírọ̀lẹ́, ibi tí ọwọ́ dé ni ká wá àìsàn rẹ̀ sí. Nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ yìí, àìsàn mẹ́ta ni mo gbọ́.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí aago epo, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná owó oníbàárà dànù jù. Iná tó bá jáde lórí pósítíìfù bátìrì gbọ́dọ̀ padà sórí nẹ́gátíìfù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Nínú ọkọ̀, ara irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gba a padà délé. Ìdí nìyẹn tí àwọn wáyà kan fi wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹnu wọn rí bí òrùka, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin. Àwọn ni a ń pè ní earth. Lára Toyota, wáyà funfun tó ní ilà dúdú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ dáṣíbọ́ọ̀dù ní láti tú wọn. Ìgbà tó bá ń dá a padà ni wàhálà wà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gbàgbé bẹ́ẹ̀ yẹn. Á máa rọ̀ dirodiro níwájú rẹ, ó ní ẹnu tirẹ̀ tó ń wá. Ṣùgbọ́n earth kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Á yọ́ sá sẹ́yìn irin, dáṣíbọ́ọ̀dù á bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá sì rántí rẹ̀, wọ́n lè dè é mọ́ ibi tí ọ̀dà wà, tàbí kí wọ́n fi bóòtù tí kò mú un dáadáa dè é. Mo ti bá oníbàárà kan gba ọkọ̀ tó jẹ́ pé bóòtù mẹ́ta ṣẹ́kù sínú abọ́ ike lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹni tó tú u ní "àwọn yẹn kò ṣe pàtàkì." Ọ̀kan nínú àwọn tí kò ṣe pàtàkì yẹn ni bóòtù earth.

Ìwọ náà ti rí ohun tí ọ̀gbàrá ń ṣe tí gọ́tà bá dí. Kò ní dúró. Á gba ẹ̀yìnkùlé onílé kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, á bá ibẹ̀ lọ. Bí iná tó ń tan ojú aago rẹ lálẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Earth tirẹ̀ ti já, ó ń wá ọ̀nà délé, ó wá gba inú gílóòbù kékeré tirafikétọ̀ kọjá, ó ti ibẹ̀ dé gílóòbù ńlá tó wà níta, ó wá kan irin. Bó ṣe ń kọjá ló ń tan gílóòbù kékeré yẹn bàìbàì. Ọwọ́ aago epo náà kò mọ ibi tí òdo wà mọ́, torí earth kan náà ni òun náà fi ń wọn epo. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ tó o bá tan iná. Nígbàkigbà tí nǹkan méjì tí kò bára tan bá jọ ń ṣe wèrè nínú ọkọ̀, earth ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Bí o ṣe máa mọ̀ dájú kò gba owó. Wá wáyà gígùn kan tó nípọn díẹ̀. Bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì, so ọ̀kan mọ́ nẹ́gátíìfù bátìrì, gba ẹnu ọ̀nà dẹ́rẹ́bà wọlé, fi ẹnu kejì kan irin ńlá tó gbé dáṣíbọ́ọ̀dù dúró, lẹ́yìn náà kó o fi kan ẹnu wáyà earth tó o bá rí níbẹ̀. Jẹ́ kí iná iwájú máa tàn. Níbi tó o bá fi kàn tí aago epo dúró jẹ́ẹ́, tí tirafikétọ̀ kú, ibẹ̀ náà nìyẹn. Tí o bá ní mọ́tímítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, gbé e sí fóòtì 20 DC, fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ kan nẹ́gátíìfù bátìrì, fi pupa kan earth tó ò ń fura sí nígbà tí iná ń tàn. Kò yẹ kó ju fóòtì 0.2 lọ. Bí ó bá ka 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, earth yẹn kò dáa, bó ti wù kí wọ́n de bóòtù rẹ̀ tó.

Tó o bá rí i, má kàn fún un pa. Fi sáńdípépà ha ojú irin àti ojú òrùka wáyà náà títí wọ́n á fi máa dán, de bóòtù, kó o wá fi gíríìsì díẹ̀ kùn ún láti òkè. Ẹni tó bá ń gba Mọ̀pà lọ sí Ìsánlú mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n lójú ọ̀nà. Bóòtù tí kò le kò ní pẹ́ tú.

Họ́ọ̀nù àti airbag, àìsàn kan náà ni wọ́n. Lábẹ́ sítẹ́rìn ni ike roboto kan wà tí wáyà pẹlẹbẹ lọ́ sínú rẹ̀ bíi téèpù. Toyota ń pè é ní spiral cable. Inú rẹ̀ ni wáyà họ́ọ̀nù àti ti airbag dẹ́rẹ́bà jọ ń gbà kọjá. Àwọn tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ ti yọ ọ̀pá sítẹ́rìn kúrò lára èyí tó wà nísàlẹ̀, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Tí ẹnìkan bá wá fi ọwọ́ yí sítẹ́rìn nígbà tó dá wà bẹ́ẹ̀, kò sí táyà tó máa dá a dúró, á yí kọjá ibi tí wáyà náà gùn dé, á já a. Ó sì lè jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọn kò tì dáadáa. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ra tuntun. Tó bá jẹ́ pé ó já, kò sí oògùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láti lẹ wáyà inú rẹ̀. Kí táyà iwájú wà ní gbọọrọ. Ẹ rọra yí spiral cable tuntun lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi kọ̀, ẹ wá dá a padà ní ìyíká méjì àbọ̀ kí ẹ tó gbé sítẹ́rìn lé e. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tó o bá kọ́nà ńlá ló máa já.

Níbí ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rù díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ni ti airbag. Kí ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kankan má fi tẹ́sítà tàbí mọ́tímítà kàn án, torí iná kékeré bẹ́ẹ̀ lè mú kí airbag bú jáde sójú ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ yọ nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90 gẹ́gẹ́ bí Toyota ṣe wí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Èmi máa ń lọ mu omi kí n tó padà. Tí ẹ bá ti ṣe é tán tí iná airbag kò kú, scanner (ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀) tó lè ka airbag ló máa pa kóòdù àìsàn tí ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Àwọn scanner kéékèèké tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò lè rí i.

Ó wá ku fíúùsì. Ẹni tó ní kó o fi èyí tó lágbára jù sí i, má tún jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn. Fíúùsì wà níbẹ̀ kó lè jó kí wáyà má baà jó. Wo nọ́ńbà tó wà lára ideri fíúùsì, òun ni kó o tẹ̀lé. Búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Tó o bá fi 30 sí ibi tí 15 wà, wáyà ló kàn tó máa jó, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí o kò lè rí ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí i, mi ò ní sọ tiwọn.

Kọ́kọ́ yọ ṣájà, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín: mo ti yọ owó kọ́bọ̀ níbẹ̀ rí. Tí inú ihò bá mọ́, á jẹ́ pé wáyà kan ti ká sábẹ́ irin, tàbí pé wọ́n fi ìdè (skúrù) gígùn sí ibi tí kúkúrú yẹ kó wà, ó sì ti gún wáyà. Má jó fíúùsì mìíràn láti fi wá a. Yọ fíúùsì náà, mú gílóòbù tirafikétọ̀ tó jẹ́ 21 watt, so wáyà méjì mọ́ ọn, kó o ti ẹnu wọn bọ ihò méjèèjì tí fíúùsì wà. Yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí rédíò ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù á tàn yòò, torí iná ń bá ibi tí wáyà ti bó kọjá tààrà, ṣùgbọ́n gílóòbù kò jẹ́ kó pọ̀ débi tó máa jó nǹkan. Wá máa mi ìdì wáyà lọ díẹ̀díẹ̀, máa tú ìdè dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdè tó o bá tú tí gílóòbù kú pii, òun ni. Ẹ fi téèpù wé ibi tó gún, ẹ wá ìdè kúkúrú síbẹ̀.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ni kó o kọ́kọ́ gbé e padà lọ bá, torí wọ́n mọ ibi tí wọ́n tú. Gbé ohun tí mo kọ yìí dání, kó o sì béèrè abọ́ bóòtù tó ṣẹ́kù. Bẹ̀rẹ̀ lórí earth, torí ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní nílò láti tú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ bóòtù wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà àti ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ike ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, fi alẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ sí Ayétòrò, tan iná, kó o sì máa wo aago epo ní ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun. Tó bá tún mì, kọ̀wé sí mi padà, sọ ibi tí ẹ ti de earth sí.