Ṣé ojúlówó ni awò oòrùn Ray-Ban tó ń yí àwọ̀ padà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ ta awò oòrùn Ray-Ban àtijọ́ kan fún mi. Gíláàsì rẹ̀ pọ́n bí oyin, ó sì ń ṣú tí oòrùn bá ràn sí i. "B&L RAY-BAN U.S.A." ló wà lára férémù aláwọ̀ wúrà rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni?

Ìdáhùn: Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ambermatic ni wọ́n ń pe gíláàsì náà, Bausch & Lomb ti Amẹ́ríkà ló sì ṣe é, kí wọ́n tó ta Ray-Ban fún Luxottica ti Ítálì ní 1999. Ẹ yẹ gíláàsì wò lọ́tọ̀, kí ẹ yẹ férémù wò lọ́tọ̀. Ohun tó ń kó àwọn tó ń rà á sí wàhálà ju ayédèrú pọ́ńbélé lọ ni àmúlùmálà: férémù gidi tí wọ́n ki gíláàsì míì bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sí etí gíláàsì náà, lẹ́bàá oríkèé apá rẹ̀, kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 wò ó. "BL" tín-ín-rín ló yẹ kí wọ́n fín síbẹ̀. Bó bá jẹ́ "RB", ti Luxottica nìyẹn, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí èékánná bá lè ha kúrò, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ni. Ẹ fi gíláàsì náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ̀lú: ó yẹ kó tutù, nítorí kì í ṣe rọ́bà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi páálí bo ìdajì gíláàsì kan, kí ẹ gbé e sóòrùn fún ìṣẹ́jú 10. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ààlà láàárín ibi tó ṣú àti ibi tí kò ṣú. Èròjà fàdákà inú gíláàsì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ooru sì máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Tí kò bá ṣú tó lọ́sàn-án gangan, ẹ má tíì dá a lẹ́bi, ẹ tún un ṣe nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e látinú fíríìjì bọ́ sóòrùn o, ó lè sán.

Ní ti férémù, tí ẹ bá rí "1/10 12K GF", wúrà káráàtì 12 ló kó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n irin náà. Irú wúrà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tó ń kan imú àti etí, kì í bó bí ọ̀dà. Àìsí àmì yìí nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú, torí àwọn míì wà tí wọ́n kàn fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí nọ́ńbà bíi 58 àti 14 bá wà lára rẹ̀, fífẹ̀ gíláàsì kan àti àlàfo orí imú nìyẹn, ní mìlímítà. Ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n.

Ẹ má fi àpò rẹ̀ ṣe ẹ̀rí rárá, ó rọrùn láti ra ọ̀tọ̀. Bí férémù bá péye ṣùgbọ́n tí "RB" wà lórí gíláàsì, ẹ ṣì lè rà á wọ̀, àmọ́ iye férémù nìkan ni kí ẹ san.