Wọ́n ní 2,200 dọ́là lọ́sẹ̀: kí ló wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, ó sì ti pé ọdún méjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù med-surg, níbi tí a ti ń tọ́jú onírúurú aláìsàn àti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe travel nurse, nọ́ọ̀sì tí àjẹ́ńsì ń rán lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìlú mìíràn. Recruiter kan, òṣìṣẹ́ àjẹ́ńsì tó ń bá nọ́ọ̀sì wáṣẹ́, ní òun ti bá mi rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 13 ní Arizona, 2,200 dọ́là lọ́sẹ̀, kí n fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjẹ́ńsì méjì mìíràn náà ń pè mí. Kí ni kí n wò kí n tó mú ọ̀kan? Ọ̀rẹ́ mi tún ní kí n gbé yàrá mi sílẹ̀, kí gbogbo owó náà lè jẹ́ tèmi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ máa ń tètè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ nídìí òwò yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í bá àjẹ́ńsì sọ̀rọ̀ lójúkojú. Orí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní VMS ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ sí, àjẹ́ńsì púpọ̀ á sì dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fẹ́ ìkánjú níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, kì í ṣe kí o fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì. Kódà, àjẹ́ńsì kan ṣoṣo ni kó bá ọ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan. Bí méjì bá gbé orúkọ kan náà wá, wọ́n lè da méjèèjì nù kí wọ́n má bàa dá sí ìjà wọn. Sọ fún recruiter kọ̀ọ̀kan pé kó máa bi ọ́ kó tó gbé orúkọ rẹ lọ síbikíbi.

Jẹ́ ká wá tú 2,200 yẹn palẹ̀. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó orí nínú rẹ̀ lè má ju 25 dọ́là ní wákàtí kan lọ. Ní wákàtí 36, 900 dọ́là nìyẹn. 1,300 tó kù, owó ilé àti owó oúnjẹ ni, tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ bí o bá kúnjú òṣùwọ̀n. Bí o bá wá ṣe ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, àjẹ́ńsì á ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ 25 ni òun máa san, ìyẹn 37.50. Bẹ́ẹ̀ bí o bá pín 2,200 sí ọ̀nà 36, wákàtí lásán ń mú nǹkan bíi 61 dọ́là wá. Ara ti rẹ̀ ọ́ tán, owó sì tún wálẹ̀. Dúnàádúrà iye overtime kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Wò ó dáadáa bóyá wọ́n ń dín owó ilé àti oúnjẹ kù bí o bá pàdánù wákàtí. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ninth Circuit, tí Arizona wà lábẹ́ rẹ̀, dájọ́ nínú Clarke v. AMN Services pé owó àjò tí wọ́n ń gé báyìí gẹ́gẹ́ bí wákàtí ṣe rí, owó iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kó wọ ìṣirò overtime.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, má dá a lóhùn. Ìdí tí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, fi gbà kí owó ilé yẹn bọ́ lọ́wọ́ owó orí ni pé ilé méjì lò ń san owó rẹ̀: tilé àti ti àjò. Bí o bá gbé yàrá Houston sílẹ̀ tí o kò sì ní ibòmíràn tí ò ń náwó lé, wọ́n á kà ọ́ sí ẹni tí kò ní tax home (ibùdó tí owó orí mọ̀ ọ́ mọ́), gbogbo 1,300 yẹn á sì di owó tí wọ́n ń gba owó orí lé. Láísẹ́ǹsì rẹ pẹ̀lú so mọ́ Texas: ìpínlẹ̀ tí o ń gbé gan-an ló ń fún ọ ní láísẹ́ǹsì compact, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ gbà, tí o fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní Arizona. Tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó ilé rẹ. Má sì ṣiṣẹ́ síbì kan ju ọdún kan lọ, kí owó ilé yẹn má bàa di èyí tí wọ́n ń gba owó orí lé. Àwọn kan á sọ fún ọ pé bí iṣẹ́ bá ti jìnnà ju máìlì 50 lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìlànà àwọn ilé ìwòsàn kan nìyẹn; kì í ṣe òfin IRS.

Nínú kọ́ńtíráàtì, wákàtí tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Òkè ìwé lè sọ pé wákàtí 36 dájú, kí ìsàlẹ̀ wá sọ pé ilé ìwòsàn lè fagi lé shift kan ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láìsan kọ́bọ̀. Bí owó ilé àti oúnjẹ bá tẹ̀ lé shift yẹn lọ, tí shift mẹ́ta bá sì jẹ́ wákàtí 36, nǹkan bíi 733 dọ́là ló lọ. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ 13, owó ọ̀sẹ̀ méjì odindi ti wọgbó. Ní kí wọ́n yọ gbólóhùn yẹn, tàbí kí wọ́n fi owó sí i. Ibi tí wọ́n lè gbé ọ lọ láti wọ́ọ̀dù rẹ gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtanràn bí o bá pa iṣẹ́ jẹ, àti ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì ìlera máa bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní òde ní Sátidé kan, kí déètì náà wọ inú ìwé. “Má ṣèyọnu, mo ti bá wọn sọ ọ́” tí recruiter wí, ẹnu ló fi sọ ọ́. Ó lè ti kúrò ní àjẹ́ńsì náà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Má sì sanwó ilé oṣù mẹ́ta sílẹ̀ ní Arizona, torí ilé ìwòsàn lè fagi lé iṣẹ́ kí o tó débẹ̀.

Àjẹ́ńsì tó dáa? Àwọn kan ní ìwé ẹ̀rí tí Joint Commission, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ń fún àwọn àjẹ́ńsì tó ń pèsè òṣìṣẹ́ ìlera. Ó dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí owó wákàtí, owó ilé, owó oúnjẹ, iye overtime àti ìlànà ìfagilé shift.” Èyí tó bá dáhùn kíkún lójú ẹsẹ̀, bá a lọ. Èyí tó bá ń pè ọ́ lórí fóònù dípò kó kọ ọ́ sílẹ̀, o ti rí èsì rẹ.

Bí ọ̀gá wọ́ọ̀dù Arizona bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bi í pé aláìsàn mélòó ni nọ́ọ̀sì kan ń mú lálẹ́. Òfin California ní kó má ju márùn-ún lọ ní med-surg. Arizona kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní mẹ́jọ, ìwọ lo mọ̀ bóyá 2,200 tó fún mẹ́jọ.