Mo mọ iṣẹ́ mi bí ẹni mowó, kí ló wá dé tí àyípadà ń já mi láyà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, akáńtáǹtì ni mí. Ó ti tó ọdún 14 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èmi sì ni wọ́n máa ń sáré wá bá bí ìṣirò bá dojú rú. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n yí ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ń lò padà. Látìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ti ń yára jù mí lọ. Ojú ń tì mí láti béèrè nǹkan, mo sì ń wá àwáwí kí n lè máa lo ti àtijọ́ lọ. Ọ̀gá mi ní kí n ní growth mindset. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Mímọ iṣẹ́ ti di orúkọ tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè yín, ètò tuntun yìí sì fẹ́ gba orúkọ náà lọ́wọ́ yín. Ta ni kò ní fà á mọ́ra?

Ọ̀dọ̀ Carol Dweck, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín sọ ti gbajúmọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan gbà pé bí òye ṣe mọ nìyẹn, pé kò ṣeé fi kún. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀kọ́, ọgbọ́n ìṣe àti ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíì lè mú un gbòòrò sí i; èrò kejì yìí ni wọ́n ń pè ní growth mindset. Lọ́dún 1998, òun àti Claudia Mueller gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Wọ́n yin àwọn kan pé orí wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n tẹpá mọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan iṣẹ́ tó kàn, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní orí wọn pé yan èyí tí wọn ò ní kùnà. Lẹ́yìn tí wọ́n sì ti bá iṣẹ́ líle pàdé, máàkì wọn lọ sílẹ̀. Ẹ wá wo ara yín: ọdún 14 gbáko ni wọ́n ti fi ń yìn yín pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan wà tí mo máa ń rántí tí mo bá ń dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ọmọ ọdún 21 ni Tiger Woods, agbá-gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ Masters, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan, lọ́dún 1997. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló ń borí. Ẹni tó ṣe ipò kejì fi ìgbà 12 gbá a jù ú lọ. Síbẹ̀, ó pinnu láti tún bó ṣe ń ju ọ̀pá rẹ̀ kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1998, ìdíje ẹyọ kan péré ló gbà ní PGA Tour, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje àwọn agbá-gọ́ọ̀fù tó mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1999, ó gba mẹ́jọ. Ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí òun ni ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá gbà pé ibi tí òun dé náà ni òun mọ yóò rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rí pé òun ti parí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣì ń kọ́ṣẹ́ yóò kà á sí owó ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ fún yín: èrò nìkan ò tó. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2019, lórí nǹkan bí 12,000 akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí ọ̀rọ̀ yìí ran àwọn tí máàkì wọn kéré lọ́wọ́, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ náà kò pọ̀. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn kò ti bẹ̀rù iṣẹ́ líle ló ti dára jù. Nítorí náà, ẹ padà lọ bá ọ̀gá yín. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ yín máa falẹ̀ fún oṣù méjì, kí ó má sì fi ìyẹn díwọ̀n yín. Bí ó bá kọ̀, òun náà kò tíì lóye ohun tó ní kí ẹ ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ìṣirò ìparí oṣù o, kí ẹ ṣe é tán pátápátá lórí ètò tuntun lójoojúmọ́. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti há sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “n ò tíì mọ”. “Tíì” yẹn ṣe pàtàkì. “N ò mọ̀ ọ́n” ti parí ọ̀rọ̀. “N ò tíì mọ̀ ọ́n” ń béèrè pé ta ló máa kọ́ mi.

Ẹni tó máa kọ́ yín wà nítòsí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n: ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí iye kan kò bá bójú mu kí kọ̀ǹpútà tó sọ ọ́. Ẹ pè é lọ́la, kó jókòó tì yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òun ni kó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́.