Kí ló fà á tí ilé ìtajà Nakumatt ti Kẹ́ńyà fi kógbá sílé?

Gbèsè ló pa Nakumatt. Ìlú Nakuru ló ti bẹ̀rẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fóòmù ibùsùn, kó tó di ilé ìtajà ńlá tó ní ẹ̀ka tó lé ní 60 ní Kẹ́ńyà, Uganda, Tanzania àti Rwanda. Owó yíyá àti ọjà àwìn ni wọ́n fi ń ṣí ẹ̀ka tuntun. Nígbà tí àwọn tó ń kó ọjà fún wọn kò rí owó gbà mọ́, wọ́n dáwọ́ dúró. Ní 2017, orí àtẹ ti ṣófo, àwọn onílé sì ń lé wọn jáde. Ìkọlù àwọn apániláyà ní Westgate, ọgbà ìtajà ńlá kan ní Nairobi, ní 2013 ba ẹ̀ka wọn kan jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ gbèsè yẹn ló wúwo jù. Ní January 2020 ni àwọn tí Nakumatt jẹ ní gbèsè dìbò pé kí wọ́n pa á dé.