Ṣé ọmọ Àyàn náà ni Eric Bobo?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọmọ Àyàn ló nìlù. Eric Bobo tó ń lu kóńgà, ìlù gogoro tí wọ́n ń fọwọ́ lù yẹn, fún Cypress Hill, ẹgbẹ́ olórin ráàpù Amẹ́ríkà ńkọ́, tí bàbá ẹ̀ náà jẹ́ onílù, ṣé a lè pe òun náà lọ́mọ Àyàn?"

Àbúrò, ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan-an. Nílé wa níbí, Àyàn ni òrìṣà ìlù, òun là ń kì ní Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀ igi. Ẹni tí wọ́n bí sídìílé onílù ló ń jẹ́ Àyánwálé, Àyándélé, Àyántúndé, tó o bá ti gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ o ti mọṣẹ́ ilé bàbá wọn nìyẹn, ọmọ ọ̀hún á ti máa lu omele kó tó mọ̀wé kà. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ìlù ṣahun o, ẹlòmíì náà lè wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ di ìyá ìlù mú gbọ́dọ̀ mọ oríkì ìlú, oríkì ilé, oríkì òrìṣà, kó sì mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ lù síta, ìyẹn ò sì ṣeé kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ gan-an nìyẹn.

Ní Cuba ló ti wá yàtọ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ò ní ilé bàbá tí wọ́n lè padà sí mọ́, wọ́n ti fọ́n wọn ká sóko ìrèké. Ìtàn tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún ni pé ní nǹkan bí ọdún 1830, Atandá àti Añabí, ọmọ Yorùbá làwọn méjèèjì, ló gbẹ́ bàtá tí wọ́n sì fi Àyàn sínú ẹ̀ ní Havana. Añá ni wọ́n ń pe Àyàn. Níbẹ̀, orúkọ kọ́ ló ń sọni di ọmọ Añá, ìbúra ni, wọ́n á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, tó bá yá á wá búra níwájú ìlù, ọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Ọgbọ́n ńlá lèyí lójú tèmi, àwọn amúnilẹ́rú gba ìdílé lọ́wọ́ wọn, àwọn náà wá fi ẹgbẹ́ rọ́pò ẹ̀.

Irú ọmọ Añá bẹ́ẹ̀ ni Francisco Aguabella, ará Matanzas, tó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham, ará Amẹ́ríkà, kúrò ní Cuba láwọn ọdún 1950. Ọwọ́ tó ń lu bàtá fún òrìṣà yìí náà ló wá ń lu kóńgà fún Malo, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì San Francisco, láwọn ọdún 1970.

Ká wá sọ̀rọ̀ Bobo. Willie Bobo tó bí Eric, New York ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1934, Puerto Rico làwọn òbí ẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ Mongo Santamaría, onílù ọmọ Cuba, ló ti kọ́ púpọ̀. Lọ́dún 1967 ó gbé orin "Evil Ways" jáde, ìgbà tí Santana, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, tún un kọ lọ́dún 1969 ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Willie kú lọ́dún 1983, ọmọ ọdún 15 ni Eric, ó sì ti ń bá bàbá ẹ̀ lùlù lórí ìtàgé. Láwọn ọdún 1990 ló gbé kóńgà àti timbales, ìlù onírin tí wọ́n ń fi igi lù, lọ bá Beastie Boys, ẹgbẹ́ ráàpù míì, àti Cypress Hill. Bíìtì tí DJ bá gbé sílẹ̀, ojú kan náà ló ń yí sí ṣáá, ọwọ́ Eric ló máa ń dárà sáàárín ẹ̀. Nígbà tí Cypress Hill sì da rọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ráàpù nínú "Skull & Bones" lọ́dún 2000, òun náà wà lára àwọn onílù wọn.

Àmọ́ kóńgà kì í ṣe bàtá o. Ọ̀dọ̀ àwọn Kóńgò ni gbòǹgbò ẹ̀ wà, timbales sì jẹ́ ọmọ ìlù àwọn ológun Yúróòpù, bá a ṣe máa ń sọ gbogbo ìlù aláwọ̀ dúdú di ti Yorùbá yìí ò dáa, ẹ jẹ́ ká fi tàwọn Kóńgò sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ onílù ni kó o pe Eric, ìyẹn tọ́ sí i dáadáa. Ti ọmọ Àyàn, àfi ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ tàbí ẹni tó búra níwájú Añá.