Èsì: Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó tún ń bu lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti nù ún

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èébu tẹ́ ẹ ní ó tún hu padà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ nù ún, kì í ṣe ọṣẹ ni kò dáa, ọ̀rinrin ló há síbẹ̀. Ẹ fà á kúrò lára ògiri kí àlàfo ibẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, kí atẹ́gùn lè rí ibi gbà.

Àmọ́ ìyẹn máa ṣiṣẹ́ tí ògiri bá gbẹ ni o. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án tó tutù rinrin, tí ọ̀dà ẹ̀ ń ṣí bí èèpo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan ló ń jò, páìpù tàbí òrùlé, ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi:

1. N kì í gbá èébu náà ní gbígbẹ, torí eruku ẹ̀ á fò káàkiri. Fínígà tí mi ò bu omi sí ni mo fi ń rẹ ẹ́, á wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kí n tó nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fínígà pọ̀ mọ́ bílíìsì láé, èéfín májèlé ló ń mú jáde.

2. Fáànù á kọjú sí i títí pákó ẹ̀ á fi gbẹ dénú.

Tẹ́ ẹ bá lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ẹ máa fi ṣọ́ ọ, kí ọ̀rinrin yàrá má kọjá 60%. Tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí ìta ṣì ń móoru, ẹ má ṣí fèrèsé, omi lẹ̀ ń kó wọlé yẹn, AC ni kẹ́ ẹ tàn. Kẹ́ ẹ tó kó jíǹsì wọbẹ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn.