Èsì: Ṣé òṣì ni kò jẹ́ kí Abebe Bikila wọ bàtà?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé òṣì ló mú Abebe Bikila, eléré ìje ọmọ Ethiopia, sá máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Rome láìwọ bàtà lọ́dún 1960. Rárá o. Ẹ̀ṣọ́ ọba Haile Selassie ni, ó ń gbowó oṣù. Bàtà tó rí ní Rome ló ń dùn ún lẹ́sẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa fẹsẹ̀ lásán sáré ní Ethiopia. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 ló fi parí rẹ̀, nínú òkùnkùn alẹ́, ó sì gba wúrà.

Tokyo 1964 gan-an ló jọ mí lójú jù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún un ni, kò tíì pé oṣù méjì! Ó wọ bàtà lọ́tẹ̀ yìí, ó tún gba wúrà, ó wá dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ń na ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò tíì sáré. Kò sẹ́ni tó gba ti máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú rẹ̀.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ló gba ẹsẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1969. Ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti ń ta ọfà nínú ìdíje ní England lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà tó kú ní 1973.